Ìbéèrè àti Ìdáhùn: Bí a ṣe ń rí fídíò kákítọ́ọ̀sì tí ó dùn wò tí ó sì wúlò lórí íntánẹ́ẹ̀tì

Ó ti tó ọdún mẹ́fà tí mo ti ń gbin kákítọ́ọ̀sì sínú ìkòkò ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé mi ní Ìbàdàn. N kò rí aládùúgbò kankan tí ó ń gbìn ín tí mo lè lọ bá fún ẹ̀kọ́, nítorí náà fídíò orí íntánẹ́ẹ̀tì ni ó kọ́ mi ní ọ̀pọ̀ nínú ohun tí mo mọ̀. Àwọn kan là mí lójú. Àwọn mìíràn sì mú kí n fi ọwọ́ ara mi pa ewéko tí mo fẹ́ràn. Àwọn ìbéèrè tí ẹbí àti ojúlùmọ̀ máa ń bi mí lórí ọ̀rọ̀ yìí ni mo kó jọ síhìn-ín, kí ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ má baà fi oṣù mẹ́ta wá ohun tí ó lè rí ní ìrọ̀lẹ́ kan.

Ṣé kì í ṣe ọrọ́ tí a mọ̀ nílé náà ni wọ́n ń pè ní kákítọ́ọ̀sì?

Wọ́n jọra lójú, ṣùgbọ́n ẹbí wọn yàtọ̀, ìyàtọ̀ yìí sì ṣe pàtàkì fún ẹni tí ó ń wá fídíò. Ọrọ́ tí àwọn àgbà ń gbìn sí ẹ̀yìnkùlé tàbí tí wọ́n fi ń ṣe ọgbà yí ilẹ̀ ká jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ewéko tí à ń pè ní Euphorbia. Bí a bá gé e, oje funfun bí wàrà ni yóò máa sun lára rẹ̀, oje náà a máa bó ni lára, ó sì lè ba ojú jẹ́. Ohun tí a fi ń dá kákítọ́ọ̀sì mọ̀ ni ojú kéékèèké tí ó ní irun bí òwú lára rẹ̀: láti inú ojú yìí ni ẹ̀gún, òdòdó àti ẹ̀ka tuntun ti ń yọ. Euphorbia kò ní irú ojú bẹ́ẹ̀.

Ilẹ̀ Amẹ́ríkà, láti Kánádà ní àríwá títí dé Patagonia ní gúúsù, ni orírun kákítọ́ọ̀sì. Ẹyọ kan ṣoṣo, Rhipsalis baccifera, ni ó ń hù fúnra rẹ̀ nínú igbó ilẹ̀ Áfíríkà. Kò jọ ohun tí ẹ rò rárá, nítorí pé ó tẹ́ẹ́rẹ́ bí okùn, ó sì máa ń rọ̀ láti orí igi ńlá. Ọ̀pọ̀ olùṣe fídíò ni ó ń pe Euphorbia ní kákítọ́ọ̀sì láìmọ̀. Bí ẹ bá rí ẹni tí ó ń fi ọwọ́ lásán gé ewéko tí oje funfun ń ṣàn lára rẹ̀, tí kò sì kìlọ̀ fún yín nípa ojú yín, ẹ fi fídíò náà sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ wo ni kí n tẹ̀ kí n tó lè rí fídíò gidi?

Ẹ má ṣe tẹ "cactus" nìkan. Bí ẹ bá ṣe bẹ́ẹ̀, ohun tí yóò kún iwájú yín ni bèbí aláwọ̀ ewé tí ń jó, tí ó sì ń sín ọ̀rọ̀ ọmọdé jẹ, pẹ̀lú orin àti ìpolówó ọjà. Àmì ìyọkúrò máa ń ṣèrànwọ́ láti lé ohun tí a kò fẹ́ lọ. Ẹ tẹ "cactus -toy -dancing", ẹ má sì fi àyè sílẹ̀ láàárín àmì náà àti ọ̀rọ̀ tí ó tẹ̀lé e.

Ọ̀nà tí ó tún dára ju èyí lọ ni kí ẹ kọ́ díẹ̀ nínú orúkọ Látìnì tí àwọn onímọ̀ ewéko ń lò. Mẹ́fà péré ti tó láti fi bẹ̀rẹ̀: Mammillaria, Gymnocalycium, Astrophytum, Echinopsis, Melocactus àti Opuntia. Ìdí tí mo fi tẹnu mọ́ ọn ni pé orúkọ wọ̀nyí kan náà ni ará Japan, ará Brazil àti ará Jámánì ń kọ sí àkọlé fídíò wọn, bí ẹ bá sì tẹ̀ ẹ́, iṣẹ́ ọwọ́ gbogbo wọn ni yóò jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Lẹ́yìn orúkọ ewéko, ẹ fi ohun tí ẹ fẹ́ mọ̀ kún un: "from seed" fún gbígbìn láti inú irúgbìn, "repotting" fún pípààrọ̀ ìkòkò, "root rot" fún gbòǹgbò tí ó ń jẹrà, "grafting" fún lílọ́, ìyẹn ni síso orí ewéko kan mọ́ ìdí òmíràn kí wọ́n lè dàgbà pọ̀.

Ohun kan wà tí ó yẹ kí ẹ mọ̀ nípa orúkọ wọ̀nyí: àwọn onímọ̀ a máa tún orúkọ ewéko sọ nígbà tí ìwádìí wọn bá jinlẹ̀ sí i. Ewéko tí ń so èso dragon fruit, tí ó ń jẹ́ Hylocereus tẹ́lẹ̀, ti di Selenicereus. Notocactus ti wọ inú Parodia. Ọ̀pọ̀ àwọn olùgbìn sì ṣì ń sọ Lobivia fún ohun tí ìwé púpọ̀ ń pè ní Echinopsis. Fídíò tí ó ti pẹ́, tí ó sì dára gan-an, lè wà lábẹ́ orúkọ àtijọ́, nítorí náà ẹ dán méjèèjì wò.

Ẹni tí ó bá gbọ́ èdè mìíràn ní àǹfààní ńlá. Àwọn ará wa ní Benin àti Togo lè tẹ "cactées", àwọn tí ó wà ní Brazil lè tẹ "cactos". Àwọn ará Jámánì ń sọ "Kakteen", àwọn ará Japan sì ń sọ "saboten". Àwọn orílẹ̀-èdè méjèèjì yìí jẹ́ ọ̀gá nínú iṣẹ́ yìí, kódà bí ẹ kò bá gbọ́ ọ̀rọ̀ kan nínú ohun tí wọ́n ń sọ, wíwo ọwọ́ wọn nìkan ti tó ẹ̀kọ́.

Mo kàn fẹ́ wo ohun tí ó dùn ni. Níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú òdòdó tí ń là. Òdòdó ọ̀pọ̀ Echinopsis máa ń là ní alẹ́ tàbí ní ìdájí, yóò sì ti rọ kí ọjọ́ kejì tó parí, débi pé ẹni tí ó bá sùn gbàgbé lè má rí i rárá. Ẹni tí ń ya irú fídíò yìí yóò gbé kámẹ́rà kalẹ̀ láti ìrọ̀lẹ́ di òwúrọ̀, kámẹ́rà náà yóò máa ya àwòrán ní ìṣẹ́jú díẹ̀díẹ̀ síra, yóò sì wá so gbogbo rẹ̀ pọ̀ di ìran kúkúrú. Ẹ tẹ "Echinopsis time-lapse". Òdòdó náà lè tóbi ju ọwọ́ àgbàlagbà lọ, ó lè funfun, ó lè pupa, ó sì lè ní àwọ̀ ọsàn, a sì máa mì bí ẹni tí ń mí nígbà tí ó bá ń ṣí. Mo ti fi èyí han àwọn ènìyàn tí kò nífẹ̀ẹ́ ewéko rárá, wọ́n sì dákẹ́ títí ó fi parí. Epiphyllum oxypetalum náà wà, òdòdó rẹ̀ funfun, ó ń ta sánsán, ẹ̀yìn tí ilẹ̀ bá ṣú ni ó ń là, kí ilẹ̀ tó mọ́ ó ti wọ́.

Lẹ́yìn èyí, ẹ wá saguaro, òmìrán aginjù Sonora ní Arizona àti Mẹ́síkò. Orúkọ Látìnì rẹ̀ ni Carnegiea gigantea. Ní ọdún mẹ́jọ àkọ́kọ́ rẹ̀, kì í sábà ga ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 4 lọ. Ó lè lo ọdún 50 sí 75 kí ó tó yọ apá àkọ́kọ́. Síbẹ̀ ó lè ga ju mítà 12 lọ. Àdán ni ó ń bẹ òdòdó rẹ̀ wò lóru, nígbà tí àdàbà àti oyin ń wá a ní ojúmọmọ. Àwọn fídíò tí a yà nínú Saguaro National Park, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlú Tucson, fi gbogbo èyí hàn láìsí ariwo púpọ̀, mo sì fẹ́ kí ẹ wo èyí tí wọ́n ti fi àdán hàn tí ó ki orí bọ inú òdòdó títí lẹ́búlẹ́bú fi bo ojú rẹ̀.

Ọgbà Jardín de Cactus ní Lanzarote, erékùṣù kan tí ó jẹ́ ti Sípéènì, náà dára wò. Ayàwòrán César Manrique ni ó ṣètò rẹ̀ sínú kòtò ńlá tí wọ́n ti ń wa iyẹ̀pẹ̀ òkè ayọnáyèéfín tẹ́lẹ̀, wọ́n sì ṣí i ní 1990. Ẹni tí ó bá fẹ́ràn iṣẹ́ àgbẹ̀ sì lè wá fídíò oko dragon fruit ní agbègbè Bình Thuận ní Vietnam, níbi tí àwọn àgbẹ̀ ti ń tan iná mànàmáná sí oko lóru kí ewéko náà lè rò pé ọ̀sán gùn, kí ó sì tanná ní ìgbà tí kì í ṣe àsìkò rẹ̀. Láti òkè, oko náà dà bí ìlú ńlá tí iná rẹ̀ kì í kú.

Báwo ni mo ṣe lè mọ̀ bóyá ẹni tí ń sọ̀rọ̀ nínú fídíò mọ iṣẹ́ náà?

Ìbéèrè yìí ni mo fẹ́ràn jù, nítorí pé ìdáhùn rẹ̀ ni ó gba ewéko mi là. Kákítọ́ọ̀sì kì í tètè kú. A lè ṣe é níkà lónìí, kí ó má fi hàn títí oṣù mẹ́ta tàbí mẹ́rin yóò fi kọjá, nítorí pé omi tí ó ti fi pamọ́ sínú ara ni yóò máa mu. Ìdí nìyí tí fídíò tí a yà ní ọjọ́ kan ṣoṣo kò fi lè jẹ́rìí sí ohunkóhun. Ẹni tí ó bá lọ́ ewéko níwájú kámẹ́rà tí ó sì kí yín pé ó dàbọ̀ kò tíì fi hàn yín pé ó yè. Ẹ wá ẹni tí ó padà wá lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, tí ó tú ìkòkò náà, tí ó sì fi gbòǹgbò hàn.

Ohun kejì tí mo máa ń wò ni bóyá ó sọ ibi tí ó ń gbé. Olùgbìn tó dára yóò sọ ìlú rẹ̀, bí ibẹ̀ ṣe tutù tó, iye oòrùn tí ewéko rẹ̀ ń rí, àti ohun tí ó wà nínú iyẹ̀pẹ̀ rẹ̀. Ẹni tí ó bá ní kí ẹ bomi rin kákítọ́ọ̀sì lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, tí kò sì béèrè ibi tí ẹ wà, òfin tí kò ní ilẹ̀ ni ó gbé lé yín lọ́wọ́.

Mo tún fẹ́ràn ẹni tí ó ń fi òkú ewéko rẹ̀ han ènìyàn. Kò sí olùgbìn tí ewéko kò kú mọ́ lọ́wọ́ rí. Ẹni tí ó bá gé èyí tí ó jẹrà sí méjì níwájú yín, tí ó tọ́ka sí ibi tí àwọ̀ ilẹ̀ wọ inú rẹ̀ láti ìdí, ti kọ́ yín ní ohun tí ọgọ́rùn-ún òdòdó kò lè kọ́ yín. Ní ti ìdájọ́ àwọn òǹwòran, YouTube ti fi iye àwọn tí kò fẹ́ràn fídíò pamọ́ láti oṣù kọkànlá 2021, nítorí náà ọ̀rọ̀ tí àwọn ènìyàn kọ sábẹ́ fídíò ni kí ẹ kà, pàápàá ti àwọn tí ó sọ pé àwọn dán an wò tí wọ́n sì sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀.

Mo tẹ̀lé fídíò láti òkè òkun gẹ́lẹ́, síbẹ̀ kákítọ́ọ̀sì mi jẹrà. Kí ni mo ṣe tí kò dára?

Ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé ẹ kò ṣe ohun tí kò dára kankan, bí kò ṣe pé ojú ọjọ́ ẹlòmíràn ni ẹ tẹ̀lé. Ó ṣẹlẹ̀ sí èmi náà. Ní ọdún kejì tí mo bẹ̀rẹ̀, mo wo fídíò kan láti ilẹ̀ òtútù tí ó ní kí a máa bomi rin kákítọ́ọ̀sì dáadáa láti oṣù kẹrin títí di oṣù kẹsàn-án, kí a sì fi omi dù ú láti oṣù kẹwàá lọ. Ìmọ̀ràn yìí tọ̀nà ní ibi tí ó ti wá, nítorí pé oṣù kẹrin sí ìkẹsàn-án ni oòrùn wọn ń mú, òtútù àti omi lápapọ̀ sì ni ó ń pa kákítọ́ọ̀sì ní ìgbà òtútù wọn. Ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ tiwa, oṣù wọ̀nyẹn gan-an ni òjò ń rọ̀, tí afẹ́fẹ́ kún fún ọ̀rinrin, tí iyẹ̀pẹ̀ inú ìkòkò kì í gbẹ. Mẹ́rin nínú mẹ́fà tí mo ní ni ó jẹrà láti ìdí. Mo sọkún lórí ọ̀kan nínú wọn, nítorí pé láti inú irúgbìn ni mo ti tọ́ ọ.

Láti ìgbà náà, fídíò láti ibi tí ojú ọjọ́ wọn jọ tiwa ni mo ń wá: Thailand, Philippines, Indonesia àti gúúsù Íńdíà. Thailand ni mo kọ́kọ́ ń darí àwọn ènìyàn sí, nítorí pé àwọn olùgbìn ibẹ̀ pọ̀, wọ́n mọ iṣẹ́, òjò wọn sì ń rọ̀ bí tiwa. Ẹ ó rí i pé ọ̀pọ̀ wọn kì í jẹ́ kí òjò kan ewéko wọn ní tààrà: wọ́n a fi páànù tí ó mọ́lẹ̀ gaara bo orí, wọ́n a sì fi ẹ̀gbẹ́ sílẹ̀ gbayawu kí atẹ́gùn lè máa fẹ́ gba inú rẹ̀ kọjá. Páànù bẹ́ẹ̀ mẹ́ta ni mo fi bo ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi, jíjẹrà sì dínkù gidigidi.

Ojú ọjọ́ yìí náà ni yóò sọ irú ewéko tí ó yẹ kí ẹ máa wá fídíò rẹ̀. Rebutia, tí òdòdó rẹ̀ kún inú fídíò àwọn ará Yúróòpù, fẹ́ ìsinmi nínú òtútù kí ó tó tanná dáadáa, a kò sì ní irú òtútù bẹ́ẹ̀ ní Ìbàdàn. Melocactus ní tirẹ̀ kórìíra òtútù, ó sì bá wa lára mu. Bí ó bá dàgbà, yóò dé fìlà: ohun pupa tí ó rí bí irun tí ó kún fún òwú ni yóò hù lé e lórí, láti inú fìlà yìí nìkan ni òdòdó àti èso rẹ̀ yóò sì máa yọ. Ó wú mi lórí pé Bahia ní Brazil jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ibi tí oríṣiríṣi Melocactus pọ̀ sí jù lọ, àti pé Melocactus matanzanus gba orúkọ rẹ̀ láti Matanzas ní Cuba, níbi tí ó ti ń hù fúnra rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni gbìn ín, nítorí pé ibẹ̀ ni Ẹlẹ́dàá fi í sí. Àwọn ọmọ Yorùbá tí a kó lọ sí àwọn ìlú méjèèjì yìí ti gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ewéko tí èmi ń tọ́jú ní ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Wọ́n ń dárúkọ perlite, pumice àti akadama fún iyẹ̀pẹ̀. N kò rí wọn rà.

Ẹ gbàgbé orúkọ, ẹ wo iṣẹ́ tí ohun náà ń ṣe nínú fídíò. Gbogbo wọn jẹ́ òkúta wẹ́wẹ́ tàbí ohun líle tí ihò kún inú rẹ̀, tí ń jẹ́ kí omi kọjá kíá, kí afẹ́fẹ́ sì dé ibi gbòǹgbò. Yanrìn odò tí ó rí ṣákáṣáká, tí a fọ̀ tí a sì fi asẹ́ yọ èyí tí ó kúnná jù kúrò, búlọ́ọ̀kù pupa tí a fọ́ sí wẹ́wẹ́, èédú tí a fọ́ àti òkúta kéékèèké ibi ìkọ́lé lè ṣe iṣẹ́ kan náà. Mo máa ń fi ìlọ́po méjì wọn po ìdá kan iyẹ̀pẹ̀ tàbí ajílẹ̀ tí ó ti jẹrà tán. Bí ẹ bá bu omi sí i, tí omi náà dúró lójú rẹ̀ dípò kí ó wọlé lójú ẹsẹ̀, ẹ fi òkúta kún un.

Ẹ̀tàn wo ni ó wọ́pọ̀ nínú fídíò wọ̀nyí?

Ti irúgbìn ni ó burú jù. Wọn a fi àwòrán kákítọ́ọ̀sì aláwọ̀ aró tàbí aláwọ̀ òṣùmàrè hàn, wọn a sì ní kí ẹ ra irúgbìn rẹ̀. Àwọn kákítọ́ọ̀sì kan wà lóòótọ́ tí ara wọn ní àwọ̀ aró díẹ̀, irú bíi Pilosocereus, ṣùgbọ́n èyí tí ń dán bí ike aláwọ̀ búlúù tàbí tí ó ní àwọ̀ márùn-ún lára, kọ̀ǹpútà ni ó kùn ún.

Èkejì ni òdòdó tí a fi gọ́ọ̀mù lẹ̀. Àwọn oníṣòwò a máa mú òdòdó gbígbẹ, tí ó dà bí bébà, lẹ̀ mọ́ orí kákítọ́ọ̀sì kékeré kí ó lè tà. Òdòdó gbígbẹ náà a máa pa dé tí ọ̀rinrin bá kàn án, a sì tún máa ṣí tí ó bá gbẹ, nítorí náà ó lè tan ẹni tí kò fura jẹ. Òdòdó kákítọ́ọ̀sì gidi kì í pẹ́ oṣù kan láì rọ. Bí ẹ bá rí èyí tí kò rọ, ẹ wo ìdí rẹ̀, ẹ ó rí gọ́ọ̀mù. Àwọn fídíò kan wà tí ó fi hàn bí a ṣe ń yọ ọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ láì ṣe ewéko náà léṣe, wọ́n sì wúlò púpọ̀.

Ẹ̀kẹta ni àwọn fídíò kúkúrú tí ń kọ́ni ní ọgbọ́n àrà: ẹ ti kákítọ́ọ̀sì bọ inú ọ̀gẹ̀dẹ̀, ẹ fi ẹyin tútù sí ìdí rẹ̀, ẹ bu yìnyín lé e lórí. Ohun dídùn tí ó ń jẹrà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú ọgbẹ́ ewéko ń pe èébu àti kòkòrò ni. Ojú ọgbẹ́ kákítọ́ọ̀sì fẹ́ kí a fi í sílẹ̀ ní ibi gbígbẹ fún ọjọ́ mélòó kan títí yóò fi di èèpo, lẹ́yìn náà ni a ó tó gbìn ín.

Ṣé a lè kọ́ lílọ́ láti inú fídíò?

Bẹ́ẹ̀ ni, mo sì rò pé kò sí ẹ̀ka iṣẹ́ yìí tí fídíò kọ́ni ju èyí lọ, nítorí pé ohun tí ó ṣòro láti kọ sílẹ̀ ni ó rọrùn láti rí. Kákítọ́ọ̀sì pupa rúbúrúbú tí ẹ ń rí ní ọjà òdòdó, tí ó jókòó lórí igi aláwọ̀ ewé, jẹ́ Gymnocalycium mihanovichii tí kò ní àwọ̀ ewé nínú ara rẹ̀ rárá. Japan ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí irú rẹ̀ láàárín irúgbìn tí wọ́n gbìn, ní nǹkan bí ọdún 1941. Kò lè fi oòrùn ṣe oúnjẹ fúnra rẹ̀, nítorí náà bí a kò bá lọ́ ọ mọ́ ewéko mìíràn, yóò kú.

Nínú fídíò tó dára, ẹ ó rí i pé olùgbìn náà yóò fi ọtí ìfọgbẹ́ nu abẹ rẹ̀ kí ó tó gé ohunkóhun. Yóò gé ewéko méjèèjì pẹrẹsẹ, yóò sì fi òrùka kékeré tí ó wà ní àárín hàn yín: ibẹ̀ ni omi àti oúnjẹ ń gbà kọjá. Òrùka ti òkè gbọ́dọ̀ kan òrùka ti ìsàlẹ̀, ó kéré tán ní ibì kan. Yóò wá fi rọ́bà dì wọ́n mọ́ra, yóò sì gbé e sí ibòji. Bí olùṣe fídíò bá yára kọjá ibi òrùka yìí láì sún kámẹ́rà mọ́ ọn, ẹ wá ẹlòmíràn. Ẹ dín eré fídíò náà kù sí ìdajì, ẹ wo ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kí ẹ tó mú abẹ.

Dátà mi kò pọ̀.

Ẹ dín bí àwòrán náà ṣe mọ́ kedere tó ("quality") kù sí 240p tàbí 360p nígbà tí ẹ bá ń gbọ́ àlàyé, ẹ sì gbé e sókè kìkì ní ibi tí ọwọ́ ń ṣiṣẹ́. Ọ̀pọ̀ fídíò gígùn ni a ti pín sí orí-orí, nítorí náà ẹ lè fò lọ sí ibi tí ó kàn yín. Ẹ tún pa fídíò tí ń bẹ̀rẹ̀ fúnra rẹ̀ lẹ́yìn èyí tí ẹ wò.

Ẹgbẹ́ tàbí ọgbà wo ni mo lè gbẹ́kẹ̀ lé?

Ẹgbẹ́ Cactus and Succulent Society of America ti wà láti 1929. Ti Jámánì, Deutsche Kakteen-Gesellschaft, ti wà láti 1892. British Cactus and Succulent Society sì dìde ní 1983 nígbà tí ẹgbẹ́ méjì so pọ̀. Bí ẹ bá fi orúkọ wọn wá fídíò, ẹ ó rí àsọyé tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ àti onímọ̀ ṣe, ọ̀pọ̀ nínú wọn tó wákàtí kan. Kì í ṣe gbogbo wọn ni ó dùn. Àwòrán wọn a máa dúró lójú kan, ohùn a sì máa lọ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ti fi ogójì ọdún gbin Mammillaria ni ó ń sọ̀rọ̀, sùúrù tí ẹ bá fi gbọ́ ọ kò ní ṣòfò. Ní ti ọgbà, Desert Botanical Garden ní Phoenix, ọgbà aginjù Huntington ní California, àti Kew ní Lọ́ńdọ̀nù ni mo máa ń kọ́kọ́ wò. Àwọn ará wa tí ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù lè wo fídíò ilé gíláàsì Princess of Wales ní Kew, kí wọ́n sì fi ẹsẹ̀ ara wọn dé ibẹ̀.

Mo rí fídíò níbi tí wọ́n ti ń wú kákítọ́ọ̀sì nínú aginjù. Ṣé kò burú?

Ó burú gan-an. Ní 2015, IUCN, àjọ àgbáyé tí ń rí sí ìdáàbòbò ẹranko àti ewéko, kéde pé ìdá 31 nínú ọgọ́rùn-ún irú kákítọ́ọ̀sì ni ó wà nínú ewu àtirun, ọ̀kan nínú ohun tí ó sì fà á ni àwọn tí ń wú wọn tà. Ní 2020, àwọn ọlọ́pàá Ítálì gba kákítọ́ọ̀sì tí ó ju 1,000 lọ lọ́wọ́ àwọn tí wọ́n fẹ̀sùn kàn, púpọ̀ nínú wọn jẹ́ Copiapoa láti aginjù Atacama ní Chile. Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e, wọ́n dá iye tí ó ju 800 padà sí Chile. Ewéko tí ó ti dàgbà fún ọ̀pọ̀ ọdún ní ibi tí òjò kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ rọ̀, tí a wú ní ìṣẹ́jú kan, kò ṣeé dá padà bọ̀ sípò nírọ̀rùn.

Nítorí náà, bí ẹ bá ń wo fídíò àwọn tí ń rìnrìn àjò lọ wo kákítọ́ọ̀sì nínú igbó, tí mo fẹ́ràn púpọ̀, ẹ fi ọkàn sí ti àwọn tí kì í sọ ibi tí ewéko náà wà gan-an, nítorí pé àwọn olè náà ń wo fídíò. Èyí tí gbòǹgbò rẹ̀ ti gé, tí ara rẹ̀ dúdú, tí ó kún fún àpá, tí wọ́n sì ń tà á ní owó gọbọi, ẹ má rà á.

Ṣé èmi náà lè ya fídíò tèmi?

Mo bẹ̀ yín, ẹ yà á. Fídíò kákítọ́ọ̀sì tí a fi Yorùbá ṣe kò pọ̀, ẹni tí ń gbìn ín ní Òṣogbo, Abẹ́òkúta tàbí Pọ́tọ̀-Nófò sì nílò ohùn ẹni tí òjò kan náà ń rọ̀ lé lórí. Kò gba owó púpọ̀. Ẹ gbé fóònù lé orí ohun tí kò mì, ẹ lo ìmọ́lẹ̀ òwúrọ̀, ẹ má sì fi orin bo ohùn yín. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ẹ sọ orúkọ Látìnì ewéko náà, ìlú yín, oṣù tí a wà, àti bóyá òjò ń rọ̀ tàbí ọyẹ́ ń fẹ́. Ẹ fi ìdí ìkòkò hàn, ẹ fi iyẹ̀pẹ̀ hàn ní àtẹ́lẹwọ́ yín. Lẹ́yìn náà, ẹ padà ya ewéko kan náà ní oṣù mẹ́fà sí i láti ibi kan náà, kódà bí ó bá ti kú.

Melocactus mi kò tíì dé fìlà. Mo ti ń yà á ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kọ̀ọ̀kan láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, láti orí àpótí kan náà ní igun ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo sì ti fi búrọ́ọ̀ṣì kọ àmì sí ilẹ̀ ibi tí ẹsẹ̀ àpótí náà gbọ́dọ̀ dúró sí.